Àgbò Tó Fẹ̀yìn Rìn: Ẹ̀kọ́ fún Oníṣòwò láti Ara Ojú Irin Milwaukee

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan tí yóò wúlò fún àwọn tó ń ṣòwò láàárín wa, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni gbólóhùn kan tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ láìmọye ìgbà. Ẹni tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ìlú kejì yóò wá bá mi fún àdúrà. Bí mo bá béèrè ohun tó fà á, èsì tí n óò gbọ́ ni pé, "Bàbá, ọjà ibẹ̀ ti kú." N kì í jiyàn. Mo máa ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti lọ tán, mo máa ń bi ara mi léèrè pé, ta ló rí òkú ọjà náà? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì mọ ohun tó pa á?

Àwọn baba wa ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe yìí ni a fi ń tu oníṣòwò tó fà sẹ́yìn nínú, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí òfin Ọlọ́run tó sọ pé kí ènìyàn jókòó ti ọjà tó ń jẹ ẹ́ ní gbèsè títí yóò fi kú sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbò mìíràn wà tó jẹ́ pé ebi ló ń tì í sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ni ín kò fún un ní koríko jẹ fún ọdún púpọ̀. Lójú ẹni tó dúró lókèèrè, bákan náà ni ìrìn àwọn méjèèjì rí. Láti fi ìyàtọ̀ wọn hàn ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn iléeṣẹ́ rélùwéè kan wò ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ akẹ́rù tó fi ojú irin tó gùn ju ẹgbẹ̀rún máìlì lọ sílẹ̀ ní ọdún 1980, tó sì pa dà sẹ́yìn kúrò ní etí Òkun Pàsífíìkì.

Chicago, Milwaukee, St. Paul and Pacific Railroad ni orúkọ rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Milwaukee Road ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ó ti pilẹ̀ láti ọdún 1847 ní agbègbè Wisconsin, ó sì ti fìdí múlẹ̀ dáadáa lórí kíkó ọkà àti pákó ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé. Ohun tí kò ní ni ọ̀nà tirẹ̀ dé òkun ìwọ̀ oòrùn. Northern Pacific ti dé ibẹ̀ ní 1883, Great Northern sì dé ibẹ̀ ní 1893, ọwọ́ ọkùnrin kan náà, James J. Hill, ni àṣẹ méjèèjì sì wá bọ́ sí. Ẹ̀rù ba àwọn olùdarí Milwaukee pé Hill yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1905, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a la ọ̀nà tuntun. Iye tí wọ́n ṣírò lé e ni 60 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí wọ́n fi gbá ìṣó ìkẹyìn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1909, nítòsí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Garrison ní ìpínlẹ̀ Montana, owó tó ti bá iṣẹ́ náà lọ ti ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Olúwa wa pa òwe ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ láìkọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, tí kò sì lè parí rẹ̀. Ẹ óò rí i nínú ìwé Lúùkù, orí kẹrìnlá. Àwọn wọ̀nyí parí tiwọn, ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìjọba ti fún Northern Pacific ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tirẹ̀. Milwaukee pẹ́ dé ọjà, ó sì ní láti fi owó ra èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tó gbà kọjá, kí ó tó wá fi ihò abẹ́ òkè àti afárá gíga la ọ̀wọ́ òkè ńlá márùn-ún kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá, n kò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí ni ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ o. Òtútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn ní Montana máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà wọn. Odò tún wà níbẹ̀, tó ń fi agbára ńlá já wálẹ̀ láti orí òkè, tí a lè fi pèsè iná mànàmáná. Láàárín ọdún 1914 sí 1916, wọ́n na wáyà iná sórí ojú irin láti Harlowton ní Montana dé Avery ní Idaho, 438 máìlì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1920, wọ́n ti na òmíràn tó ju 200 máìlì lọ, láti Othello dé Tacoma ní ìpínlẹ̀ Washington. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé nígbà náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé, bí ọkọ̀ tó rù bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kàn fi bíréèkì há àgbá, ṣe ló ń sọ ìsọ̀kalẹ̀ náà di iná, tó ń dá a pa dà sínú wáyà, kí ọkọ̀ mìíràn tó ń gun òkè lè rí i lò. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ń ti ẹni tó ń gòkè lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n wọn kò na wáyà náà tán. Láti Avery dé Othello, ó ju 200 máìlì lọ, àlàfo wà láàárín tí kò ní iná. Ní ìpẹ̀kun wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì oníná yóò bọ́ sílẹ̀, òmíràn yóò gba ẹrù. Ìran méjì ni àlàfo yìí fi wà níbẹ̀. Owó tí à bá fi dí i, gbèsè ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àlàfo náà sọ́kàn.

Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn, tí kò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú ju pé ó pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orílẹ̀-èdè Soviet ní kí General Electric ṣe ogún ẹ́ńjìnnì oníná fún òun. Kí wọ́n tó kó wọn ránṣẹ́, ọ̀tá ti dé láàárín ìjọba méjèèjì, Amẹ́ríkà sì ní kí wọ́n má kó wọn lọ mọ́. Milwaukee ra méjìlá nínú wọn. Nítorí pé Joseph ni orúkọ Stalin, àwọn òṣìṣẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ní "Joe Kékeré." Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe fún Stalin ṣe di ohun tó ń fa ẹrù gun àwọn òkè Montana fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún.

Àwọn ọdún tó wà láàárín kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ṣí ipadò Pánámà ní 1914, ẹrù tó yẹ kí ó gba orí ilẹ̀ kọjá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí omi. Ọkọ̀ àjàgbé dé sójú títì. Ìjọba àpapọ̀ ló ń pinnu iye tí rélùwéè lè gbà lórí ẹrù, kì í sì í tètè dáhùn. Ní 1925, Milwaukee wọ gbèsè tí kò lè san, ó sì bọ́ sábẹ́ ilé ẹjọ́. Ó tún wọ̀ ọ́ ní 1935. Síbẹ̀ ó ń rìn.

Wàyí o, ní oṣù Kẹta ọdún 1970, Northern Pacific, Great Northern àti Burlington di ọ̀kan, wọ́n sì ń jẹ́ Burlington Northern. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè yóò rò pé ikú Milwaukee ti dé nìyẹn. Òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Kí ìjọba tó gbà kí wọ́n para pọ̀, ó fi dandan lé e pé kí wọ́n ṣí àwọn ẹnubodè kan fún Milwaukee, kí ó lè máa gba ẹrù níbi tí wọn kò ti jẹ́ kí ó gbà á rí, kí ó sì lè wọ Portland. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para pọ̀ kò tíì mọ ọwọ́ ara wọn. Àwọn oníbàárà fẹ́ ẹlòmíràn tí wọn yóò máa bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ọjà Japan sì ti ń rọ́ wọ èbúté Seattle nínú kọ̀nténà. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí Milwaukee fi ń dúró de ìwọ̀ oòrùn, ìwọ̀ oòrùn wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹrù pọ̀ sí i lóòótọ́.

Ilé tó yẹ kí ó gba àlejò náà ni kò dúró mọ́. Fún ọdún púpọ̀, ojú àwọn olùdarí wà lára bí wọn yóò ṣe rí iléeṣẹ́ tó tóbi jù wọ́n lọ kí ó gbé wọn mì, kí ìwé ìṣirò wọn sì lè dùn ún wò fún ẹni tó bá fẹ́ ra wọn, wọ́n dá àtúnṣe dúró. Pákó abẹ́ ojú irin jẹrà, wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ta àwọn ọkọ̀ ẹrù tó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì tún ń háyà wọn lọ́wọ́ ẹni tó rà wọ́n, kí owó lè wọlé lójú ẹsẹ̀. Owó títà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n owó háyà ń jáde lóṣooṣù. Níbi tí ojú irin ti bàjẹ́ jù, wọ́n pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe sáré ju máìlì mẹ́wàá láàárín wákàtí kan lọ. Ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n sá dáadáa lè sáré bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ ń yẹ̀ lójú irin. Ẹrù tó yẹ kí ó dé Chicago lọ́jọ́ tí a dá, kò dé. Oníbàárà tó ti fara dà á lẹ́ẹ̀mejì kò fara dà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ bá Burlington Northern tàbí ọkọ̀ àjàgbé. Nígbà tí ẹrù dín kù, àwọn olùdarí ṣí ìwé wọn, wọ́n tọ́ka sí i, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ọjà ìwọ̀ oòrùn kò mówó wọlé."

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró. Ọwọ́ wọn ló ṣá ọgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n kà á sí àìsàn tí a bí mọ́ ọjà. Wọn kò parọ́. Iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n kà. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò béèrè ibi tí iye náà ti ṣẹ̀ wá. Bí ènìyàn bá dá omi dúró lórí ọ̀gbìn, tí ọ̀gbìn sì rọ, òtítọ́ ni pé ọ̀gbìn ti rọ. Ṣé a lè wá fi ìyẹn jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà kò lọ́ràá?

Ọ̀rọ̀ wáyà iná ló dùn mí jù. Wáyà náà ti gbó, àwọn ẹ́ńjìnnì míì sì ti lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́. General Electric wá sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀tun, kí wọ́n dí àlàfo Avery sí Othello, ó sì ní òun yóò bá wọn wá ọ̀nà owó rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Bàbà wọ́n lọ́jà nígbà náà, wọ́n sì wò ó pé bí àwọn bá já wáyà náà tà, owó gidi yóò wọlé, dísẹ́ẹ̀lì yóò sì máa fa ẹrù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, owó dísẹ́ẹ̀lì sì fò sókè. Iléeṣẹ́ tó ní iná tí kò nílò epo ló wà níbẹ̀ yẹn! Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 1974, wọ́n pa iná náà. Nígbà tí wọn yóò fi rí bàbà náà tà, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, Milwaukee tún bọ́ sábẹ́ ilé ẹjọ́, ìgbà kẹta nìyẹn. Alámòójútó tí ilé ẹjọ́ yàn wò ó pé kò sí bí a ṣe lè gba gbogbo rẹ̀ là. Ó ní kí a gé apá ìwọ̀ oòrùn kúrò, kí a lè gba orí là ní àárín gbùngbùn. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń fi rélùwéè náà kó ẹrù para pọ̀, wọ́n gbé ètò kalẹ̀ pé àwọn yóò ra ọ̀nà náà. Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣe òfin ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979 láti fún wọn láyè. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rélùwéè dá ètò wọn nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, ọkọ̀ ẹrù ìkẹyìn kúrò, wọ́n sì hú èyí tó pọ̀ jù nínú ojú irin náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí alámòójútó náà. Ojú irin tó bàjẹ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, kò sí owó lápò, àwọn olówó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀nba ọ̀nà tó ṣẹ́ kù yá lára lẹ́yìn tí wọ́n gé èyí tó kù. Nígbà tó fi di 1985, iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ti ń du ú, Soo Line ló sì rà á. Nípò rẹ̀, mo lè ṣe ohun tó ṣe. Ẹ̀bi náà kò wà lọ́wọ́ ẹni tó gé ẹsẹ̀ tó ti rà, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó rí egbò nígbà tó kéré, tí wọ́n fi aṣọ bò ó.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò yẹ kí oníṣòwò gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1980, oṣù méje péré lẹ́yìn ọkọ̀ ìkẹyìn, Ààrẹ Carter fọwọ́ sí òfin tó tú rélùwéè sílẹ̀ láti máa bá oníbàárà dúnàádúrà lórí iye tí wọn yóò gbà. Okùn tó ti wà lọ́rùn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún já. Ní 1984, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan, American President Lines, bẹ̀rẹ̀ sí í fi rélùwéè kó kọ̀nténà méjì-méjì, ọ̀kan lórí èkejì, kọjá Amẹ́ríkà. Ní 1985, Sea-Land àti Maersk kó wá sí èbúté Tacoma, ìlú tí ojú irin Milwaukee parí sí. Ọjà tí wọ́n ní ó ti kú, oorun ló ń sùn, kò sì pé ọdún márùn-ún tó fi jí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má ṣe kúrò lọ́jà rárá. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ísáákì fà sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbẹ̀. Àwọn darandaran Gérárì bá a du kànga kan, ó fi í sílẹ̀ fún wọn, ó sì sọ ibẹ̀ ní Ésékì. Wọ́n tún bá a du èkejì, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Sítínà. Ó lọ síwájú títí ó fi dé Réhóbótì, níbi tí àyè ti gbà á. Ẹni tó bá kà á dáadáa yóò rí i pé kò sí kànga kan tí Ísáákì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí. Àwọn Fílístínì ló ń da erùpẹ̀ sínú kànga tí Ábúráhámù gbẹ́. Ísáákì ń gbẹ́ wọn pa dà ni, orúkọ tí baba rẹ̀ fún wọn ló sì tún ń pè wọ́n. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ìtàn Milwaukee ni pé wọn kò nílò Fílístínì. Àwọn onílé ló fọwọ́ ara wọn da erùpẹ̀ sínú kànga, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń kéde pé omi ti gbẹ.

Ẹ fi Burlington Northern wé e. Òun náà ti ọ̀nà kan pa ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀nà Stampede Pass, tó la àwọn òkè Cascade kọjá ní ìpínlẹ̀ Washington kan náà. Ẹrù tó wà nígbà náà kò tó ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n kò hú ojú irin orí òkè náà. Ó fi í sílẹ̀ kí koríko hù sí i. Nígbà tí ẹrù pọ̀ jù fún àwọn ọ̀nà yòókù, wọ́n tún un ṣe, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá ní 1996. Iléeṣẹ́ méjèèjì ló fà sẹ́yìn ní orí òkè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló rí ọ̀nà pa dà.

Nítorí náà, ọmọ ìyá mi tó fẹ́ ti ẹ̀ka kan pa lọ́dún yìí, kì í ṣe pé mo ní kí o má tì í. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí o sì béèrè ìgbà tí o fi owó sí ibẹ̀ kẹ́yìn. Ta ni o fi síbẹ̀ láti máa bójú tó o, ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, àbí ẹni tí kò sí ibòmíràn tí o lè fi í sí? Ọjà wo lo ń kó ránṣẹ́ síbẹ̀, ṣé èyí tó dára ni, àbí èyí tó kù lẹ́yìn tí oríta ti ṣà á tán? Wo ìwé náà pàápàá. Títí di òní, àwọn tó yẹ ìwé Milwaukee wò ń jiyàn bóyá apá ìwọ̀ oòrùn ń pàdánù lóòótọ́, tàbí wọ́n ka ìnáwó kan lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́rùn. Ohun tó burú ni pé irú iyàn bẹ́ẹ̀ lè wà rárá lórí ìpinnu tó tóbi tó báyìí. Mo ti rí oníṣọ́ọ̀bù tí gbogbo owó epo jẹnẹrétọ̀, owó ilé ìwé ọmọ àti owó òkú wọ ìwé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, tó sì wá ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ń pa òun.

Àwọn ènìyàn náà ńkọ́? Deer Lodge, Harlowton, Avery, Othello, àwọn ìlú wọ̀nyí ni rélùwéè náà bí tàbí tó tọ́ dàgbà. Awakọ̀, alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń tún wáyà ṣe, olóúnjẹ tó ń dáná fún wọn, gbogbo wọn ń jẹun lórí ojú irin kan. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Chicago ló sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn dín kù. Níbi tí ènìyàn ti rí ọ̀nà mìíràn, wọ́n gbà á. Ìpínlẹ̀ South Dakota fi owó ìjọba ra lára ojú irin Milwaukee tó wà nílẹ̀ rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ má baà rí ọkà wọn kí ó jẹrà lóko, ọkọ̀ sì ń kọjá níbẹ̀ títí di òní. Bí o bá fẹ́ kúrò, ó lè jẹ́ pé ọmọṣẹ́ rẹ mọ ẹni tó lè gba ibẹ̀. Sọ fún un kí o tó ta àga àti tábìlì.

Mo mọ̀ pé nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wáyé. A ní àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ gbé inú ọgbà mọ́, a sì ní kí a tì í, kí a fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan mìíràn. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ayé ti yí pa dà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo sùn nínú ilé náà fún ọdún márùn-ún wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ àyájọ́ tó kọjá. Mo rí ibi tí òrùlé ti ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, kò sí omi. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá kọ̀ láti fi ọmọ yín sínú ilé tó rí báun, n kò lè sọ pé ilé gbígbé inú ọgbà ni ẹ kọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún òrùlé náà ṣe, kí a fa omi sí i, kí a dúró fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà kí a ka iye àwọn ọmọ tó bá wá. Bí wọn kò bá wá nígbà náà, èmi ni n óò kọ́kọ́ nawọ́ pé kí a tì í. Bí a bá sì tì í, kí a má ṣe ta ilẹ̀ rẹ̀.

Ní Harlowton, ìlú kékeré tí wáyà iná ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì oníná kan sínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. E57B ni nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún 1915 ni wọ́n ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n pa iná ní 1974. Ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ní ààlà Montana àti Idaho, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń gun kẹ̀kẹ́ gba inú ihò òkè tí Milwaukee gbẹ́ kọjá, tàwọn ti ọmọ wọn, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì níwájú kẹ̀kẹ́, nítorí òkùnkùn inú rẹ̀ pọ̀. Apá ibì kan wà lójú ọ̀nà wọn tí ènìyàn ti lè rí àwọn afárá gíga náà lókèèrè. Wọ́n ṣì dúró ṣinṣin.